Ojú Ló Ń Kọ́lé Kí Ọwọ́ Tó Dé Ibẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí iṣẹ́ ayàwòrán ilé, pàápàá jù lọ ẹni tó ń yàwòrán ilé tí ènìyàn ń gbé, ilé tí a ti ń sùn, tí a ti ń dáná, tí a ti ń tọ́ ọmọ. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni pé, kí ló ń sọ ènìyàn di ayàwòrán ilé gidi, ibo sì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń rí ìmísí? Èsì tó máa ń yá wa lẹ́nu ni pé yunifásítì ni. Ọmọ tó bá mọ ìṣirò, tó sì lè fa ìlà tó tọ́, a ó ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé. Bó bá ti gba ìwé-ẹ̀rí, ọ̀gá dé nìyẹn. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ sí yunifásítì o. Ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ ni pé ilé tí ènìyàn ti gbé rí, tó fara balẹ̀ wò dáadáa, ni olùkọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, inú rẹ̀ náà ni yóò sì ti máa bu ìmísí títí dọjọ́ alẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ lè pọ́n ojú ẹni bí a ti ń pọ́n àdá. Ẹni tí kò ní àdá lọ́wọ́, kí ni wọn yóò bá a pọ́n?

Ẹlẹ́rìí tí mo kọ́kọ́ pè ni Bàbá Demas Nwoko. A bí wọn ní 1935 ní Idumuje-Ugboko, ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Delta òde òní, bàbá wọn ló sì wà lórí ìtẹ́ ìlú náà. Àfin ọba àti àwọn ilé tuntun tó ń yọ nínú ìlú ni ojú wọn kọ́kọ́ mọ̀. Ọmọ tó bá dàgbà síbi tí ògiri ti ń gòkè lójú ẹ̀ yóò tètè mọ̀ pé ilé kì í hù bí olú. Ènìyàn ló ń ronú rẹ̀, tí yóò fi amọ̀ àti igi gbé ìrònú náà dìde. Nígbà tí wọ́n dé ilé ẹ̀kọ́ gíga Nigerian College of Arts, Science and Technology ní Zaria ní 1957, iṣẹ́ ayàwòrán ilé ló wà lọ́kàn wọn láti kọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti yẹ ẹ̀kọ́ náà wò, wọ́n rí i pé fífa ìlà pẹ̀lú rúlà ló gba iwájú, àyè tó ṣẹ́ kù fún ìrònú ẹni kò tó nǹkan. Wọ́n bá yà sí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà. Ibẹ̀ ni àwọn àti Uche Okeke, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo àti àwọn mìíràn ti para pọ̀ nínú ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Zaria Art Society, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1958. Ohun tí ẹgbẹ́ náà dúró lé ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ má kàn máa da ohun tí àwọn olùkọ́ òyìnbó gbé síwájú rẹ̀ kọ. Kó mú èyí tó wúlò níbẹ̀, kó lò ó pọ̀ mọ́ ọnà ilẹ̀ baba rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun la ó tún bá pàdé lára ògiri àti òrùlé ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn náà.

Láti Zaria, wọ́n lọ sí Paris ní 1961, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ ìtàgé. Ní 1963, wọ́n ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ eré oníṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọdún yẹn náà sì ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé Ọ̀mùtí, eré tó ti inú ìwé Amos Tutùọlá jáde, sórí ìtàgé níbẹ̀. Bàbá Nwoko ló ṣe ètò ìtàgé náà. Ó lè jọ pé ọ̀rọ̀ eré kò kan ọ̀rọ̀ ilé, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè. Ọkùnrin kan kúrò nílé, ó wọgbó, ó rìn títí tó fi dé ìlú àwọn òkú, orí pátákó kan ṣoṣo sì ni gbogbo ìrìn yẹn ti gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ń ṣètò rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òṣèré yóò gbà wọlé, ibi tí yóò dúró kí gbogbo ojú tó tó o, ibi tí iná yóò ti tàn sí i lára, àti ohun tí òǹwòran kò gbọ́dọ̀ rí títí àsìkò rẹ̀ yóò fi tó. Ṣé kì í ṣe ohun tí ilé tó dára ń ṣe fún wa lójoojúmọ́ nìyẹn? Àlejò kì í ti ojú títì já sí yàrá ẹni. Ó máa ń kọ́kọ́ dé ìloro, wọn á kí i níbẹ̀, kó tó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀; ẹni tó bá sì di ti ilé tán nìkan ló ń rí yàrá. Ẹni tó ti lo ọdún lórí bí ènìyàn ṣe ń wọlé, bó ṣe ń dúró àti bó ṣe ń jáde, ẹ̀kọ́ ilé kíkọ́ ló ń kọ́ láìpe orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ mìíràn, inú amọ̀ ló wà. Láàárín àwọn ọdún 1960, Bàbá Nwoko ń mọ ère amọ̀, wọ́n ń fi iná sun ún, wọ́n sì ń wo àwọn ère Nok àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí àwòkọ́ṣe. Gbogbo ìyá tó ń mọ ìkòkò ló mọ ohun tí iṣẹ́ yìí ń kọ́ni. Amọ̀ tó bá yára gbẹ jù yóò sán. Èyí tí a kò pò dáadáa yóò bẹ́ nínú iná. Amọ̀ kì í gba irọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ohun tí o bá ṣe fún un ló máa fi hàn ọ́. Nígbà tí wọ́n wá bọ́ sídìí ilé kíkọ́, wọn kò sá fún ilẹ̀ pupa, ilẹ̀ yìí kan náà tó ń kùn wá lẹ́sẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Wọ́n fi ìwọ̀nba sìmẹ́ǹtì tì í lẹ́yìn, wọ́n fi ṣe búlọ́ọ̀kù, wọ́n sì pe ohun èlò náà ní latcrete. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún onílé. Ìdí ilé náà ni ọ̀pọ̀ ohun tí a fẹ́ fi kọ́ ọ wà. Owó ọkọ̀ dín kù, owó sìmẹ́ǹtì náà dín kù. Àwọ̀ ilẹ̀ ti wà lára ògiri, kò sí túlàásì pé a gbọ́dọ̀ rẹ́ ẹ ká tún kùn ún. Ògiri ilẹ̀ tó nípọn tún máa ń pẹ́ kó tó gbóná, débi pé oòrùn ọ̀sán á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ kí ooru rẹ̀ tó là á já sínú yàrá. Àǹfààní wọ̀nyí kò sápamọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti po amọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló rọrùn fún láti gbà pé ilẹ̀ lásán lè di ilé ọlọ́lá.

Iṣẹ́ tó jẹ́ kí ayé mọ̀ wọ́n mọ ilé kíkọ́ ni ilé ìsìn tí àwọn àlùfáà Dominican gbé lé wọn lọ́wọ́ ní Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1970. Ṣùgbọ́n nítorí pé ilé gbígbé ni ọ̀rọ̀ wa dá lé, ibi méjì mìíràn ni mo fẹ́ ká tẹjú mọ́: ibùdó iṣẹ́ wọn tí wọ́n pè ní New Culture, ní Mókọ́lá, nílùú Ìbàdàn kan náà, àti ilé tiwọn fúnra wọn ní Idumuje-Ugboko. Àárín ilé tí wọ́n kọ́ sí Idumuje-Ugboko ṣí sójú ọ̀run. Ẹ fojú inú wo bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán gangan. Afẹ́fẹ́ tó ti gbóná nínú yàrá fúyẹ́, ó ń gbéra lọ sókè, ó ń gba ojú ihò àárín ilé jáde. Bó ti ń jáde, afẹ́fẹ́ tútù láti ibi òjìji ń wọlé rọ́pò rẹ̀, ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì máa gbádùn atẹ́gùn tí ẹnikẹ́ni kò sanwó iná fún. Bí òjò bá dé, ihò yẹn kan náà ni omi ń gbà wọlé síbi tí a ti pèsè sílẹ̀ dè é. Ìmọ́lẹ̀ ń tòkè wá, ojú oòrùn kò sì kan ẹnikẹ́ni tààrà. Ojú ihò kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ fáànù, iṣẹ́ gílóòbù àti iṣẹ́ ẹ̀rọ omi.

Ta ló kọ́ Bàbá Nwoko ní ọgbọ́n yìí? Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú agbo ilé ti mọ èsì náà. Láti ilẹ̀ Ìbíní títí dé Ọ̀wọ̀ àti Ilé-Ifẹ̀, báyìí ni àwọn bàbá wa ṣe ń kọ́lé. Òrùlé mẹ́rin á dojú kọ ara wọn, wọn á tẹ̀ sínú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ á yí àgbàlá ká, ọ̀ṣọ̀rọ̀ á sì máa bọ́ sínú ìkòkò tí wọ́n gbé sí igun kọ̀ọ̀kan. Àfin Ọlọ́wọ̀ gbajúmọ̀ títí dòní nítorí ọ̀pọ̀ àgbàlá irú èyí tó wà nínú rẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ilẹ̀ àgbàlá jáde tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, iṣẹ́ tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́fà ọdún. Wọn kò da àpáàdì náà dùbúlẹ̀ o. Ńṣe ni wọ́n to ó ní ìnàró, etí rẹ̀ ló yọ sókè, wọ́n sì há a mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀, kí omi òjò má sì sọ àgbàlá di ẹrẹ̀. Ẹni tó to àpáàdì yẹn ti ronú nípa òjò, nípa ẹsẹ̀ ènìyàn àti nípa ohun tí a lè fi ìkòkò tó fọ́ ṣe. Ìrònú ayàwòrán ilé nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Bàbá Nwoko kò lọ sí òkè òkun lọ wá ìmísí fún àgbàlá. Ohun tó wà láyìíká wọn láti kékeré ni wọ́n tún wò, tí wọ́n bi í léèrè ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì fi ohun èlò ayé òde òní dáhùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ti máa mi orí báyìí. Wọn yóò ní, ṣé kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ yìí ló ń jẹ́ kí ilé máa wó pa ènìyàn? Àtakò tó lágbára ni, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 kan tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 40. Òfin orílẹ̀-èdè wa tó ti wà láti 1969 ní kí ayàwòrán ilé forúkọ sílẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, òfin náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Ohun tí òfin ń dáàbò bò ni pé kí ilé dúró. Bóyá ilé tó dúró náà ṣeé gbé, òfin kò lè fi ìyẹn lọ́kàn balẹ̀. Mélòó nínú ilé tó ní ìwé àṣẹ pípé ni yàrá rẹ̀ ń dà bí ààrò láti aago 12 ọ̀sán, tí a kò lè jókòó síbẹ̀ bí kò bá sí iná? Ìṣirò ẹ̀rù òrùlé àti agbára òpó, ilé ẹ̀kọ́ ló yẹ kó kọ́ wa, ẹnjiníà ló sì yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ibi tí ìyá àgbà fẹ́ jókòó sí láti máa wo ọmọ tó ń ṣeré, ojú ló ń kọ́ni nìyẹn. Àwọn tó gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ yìí gan-an gbà bẹ́ẹ̀. John Godwin àti Gillian Hopwood, tọkọtaya ayàwòrán ilé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ékòó ní 1954, ló kọ odindi ìwé lórí ilé tí Bàbá Nwoko kọ́; ó jáde ní 2007. Ní 2023, ibi àfihàn iṣẹ́ ayàwòrán ilé ní Venice, ní Ítálì, ni wọ́n ti fún Bàbá Nwoko ní Golden Lion fún iṣẹ́ ìgbésí ayé wọn.

Ẹlòmíràn yóò ní ọmọ ọba ni wọ́n, ẹ̀bùn ọ̀tọ̀ sì ni tiwọn. A kò lè fi ẹnì kan ṣoṣo ṣòfin. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pe ẹlẹ́rìí mìíràn. Ní Osaka, ní ilẹ̀ Japan, a bí Tadao Ando ní 1941. Ìyá ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, nínú ilé onílà tóóró kan, irú èyí tí ògiri rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ti aládùúgbò. Ẹ̀ṣẹ́ ló ń jà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀; kò jókòó ní yunifásítì kọ́ iṣẹ́ ilé, òun ló kọ́ ara rẹ̀. Ilé kékeré tó kọ́ sí Sumiyoshi ní 1976 ló kọ́kọ́ jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n, inú irú ìlà ilé tóóró yẹn náà ló sì kọ́ ọ sí. Ó pín in sí mẹ́ta, ó fi ìpín àárín sílẹ̀ sójú ọ̀run, débi pé ẹni tó bá fẹ́ ti pálọ̀ lọ sí ilé ìdáná ní ọjọ́ òjò yóò mú agbòjò dání. Ní 1995, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn tó ga jù nínú iṣẹ́ yìí. Ní ilé tiwa náà, ẹ rántí àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kápẹ́ńtà àti bíríkìlà ni wọ́n, ojú iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ni ọwọ́ rẹ̀ wà nínú Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, tó ṣì dúró títí dòní. Ọmọ ọba, abẹ̀ṣẹ́, kápẹ́ńtà: orírun wọn kò jọra rárá. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé wọ́n wo ilé tó wà láyìíká wọn títí wọ́n fi mọ ìdí rẹ̀.

Àtakò kẹta, ẹnu onílé ló ti ń jáde. Wọ́n á ní ilé alámọ̀ jẹ́ ilé tálákà, àgbàlá ń kó ẹ̀fọn jọ, ojú ihò sì ń pe olè. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ìpìlẹ̀ tó ga díẹ̀, òrùlé tó yọ jáde dáadáa kọjá ògiri, àti sìmẹ́ǹtì díẹ̀ nínú ilẹ̀ pupa, bí onílé ṣe ń sọ fún àgbàrá pé rárá nìyẹn. Ní ti ẹ̀fọn, omi tó dúró ló ń bí i, omi tó ń ṣàn kì í bí i. Àgbàlá tí a ṣe ojú àgbàrá sí, tí ìkòkò tàbí táǹkì rẹ̀ ní ìdérí, kò léwu ju gọ́tà tó wà níwájú ọ̀pọ̀ ilé wa lọ. Ní ti olè, ilé tó kọjú sínú ni àgbàlá ń fún wa, ògiri ló kọ̀yìn sí ìta. Ilé òde òní tí fèrèsé ńlá rẹ̀ kọjú sí títì la wá ń fi irin dí, títí yóò fi jọ ẹ̀wọ̀n. Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ iyì, òun ló sì ṣòro jù láti dáhùn, nítorí ojú ayé ni. Síbẹ̀, ẹ bá mi ṣírò owó epo jẹnẹrétọ̀ tí à ń rà láti fi ẹ̀rọ amúlétutù tu yàrá tí ìwọ̀nba ìrònú lórí ilẹ̀ àti ihò afẹ́fẹ́ ì bá ti tù. Iyì wo ló wà nínú ilé tí ènìyàn kò lè gbé inú rẹ̀ bí epo bá tán?

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń fi èédú yàwòrán sára ògiri, tàbí tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ mọ ilé lẹ́yìnkùlé, ẹ má kàn wò ó bí ọmọ tó ń dọ̀tí ara. Ẹ bi í léèrè ibi tí òjò yóò gbà nínú ilé tó mọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ẹ gba ìwé-ẹ̀rí yín, ẹ sì tún lọ jókòó ti bíríkìlà, ti kápẹ́ńtà àti ti ìyá alámọ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ohun tí ẹ ń fi pẹ́ńsù yà. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ kọ́lé, ẹ má ti inú fóònù mú àwòrán ilé ìlú òtútù wá fún ayàwòrán ilé yín. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bákan náà ló yẹ ká wo ilẹ̀, ká wo oòrùn, ká wo ẹni tí yóò gbé ibẹ̀, ká tó fa ìlà kan ṣoṣo. Bí òjò bá sì tún rọ̀, bí ẹ bá ti pa fèrèsé dé tán, ẹ dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ wo ibi tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ ilé yín ń bọ́ sí, kí ẹ sì tẹ̀ lé àgbàrá rẹ̀ títí ojú yín yóò fi rí ibi tó gbà lọ. Ẹ pe ọmọ kan mọ́ra kó bá yín wò ó.